Òṣùpá, Àgùàlà, àti Aṣọ Ìbora Ayé

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn ọmọdé àti àwọn òbí wọn

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí afẹ́fẹ́ tí ó yí ilé ayé ká, àti bí ó ṣe ń mú kí ayé móoru. Àwọn àgbà ń gbọ́ nínú ìròyìn pé ayé ń gbóná sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ni ó ń mú un gbóná?" ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ní kí ọmọ náà lọ sùn. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí ó ní ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí a wá a pọ̀.

Ní àwọn ìrọ̀lẹ́ kan, bí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ó rí ohun kan tí ń tàn yanran nítòsí òṣùpá, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti gbogbo ìràwọ̀ lọ. Àwọn baba wa ń pè é ní Àgùàlà. Nítorí pé wọ́n máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá, àwọn ènìyàn a máa ṣe bí ajá òṣùpá ni. Kì í ṣe ajá òṣùpá, kì í sì í ṣe ìràwọ̀. Ayé mìíràn ni, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ayé tiwa yìí, tí ó sì ń yí oòrùn ká gẹ́gẹ́ bí tiwa ti ń yí i ká. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn mẹ́ta yìí wéra: òṣùpá, Àgùàlà, àti ayé wa.

Òṣùpá ń bá wa gbé ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ń bọ́ sórí rẹ̀ kò pọ̀ ju èyí tí ń bọ́ sórí wa lọ. Síbẹ̀, lọ́sàn-án, ilẹ̀ òṣùpá lè gbóná tó dígírì 120, èyí tí ó ju ti omi híhó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú níbẹ̀, ó lè tutù dé dígírì 130 ní ìsàlẹ̀ òdo. Òdo yẹn ni ibi tí omi ti ń di yìnyín. Òótọ́ ni pé ọ̀sán ibẹ̀ gùn tó ọ̀sẹ̀ méjì, òru rẹ̀ náà sì gùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó ṣe pàtàkì: òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́ tí yóò bò ó. Bí ẹni tí ó sùn sí gbangba láìní aṣọ lára ni ó rí.

Àgùàlà ní tirẹ̀ ní afẹ́fẹ́, ó sì pọ̀ kọjá ààlà. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 96 nínú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní carbon dioxide. Ilẹ̀ rẹ̀ gbóná tó dígírì 465 tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá gbé òjé síbẹ̀, yóò yọ́ bí òrí tí a gbé sínú oòrùn. Ẹ lè wí pé nítorí pé ó sún mọ́ oòrùn jù wá lọ ni. Èyí nìkan kò tó. Ayé mìíràn wà tí ó sún mọ́ oòrùn ju Àgùàlà lọ, Mercury ni orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ Àgùàlà gbóná jù ú lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìkùukùu tí ó bo Àgùàlà ń dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà kí ó tó dé ilẹ̀. Ooru tí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé ń dá sílẹ̀ ni kò tètè rí ọ̀nà jáde. Àgùàlà dà bí ẹni tí ó da aṣọ òtútù ogún bo ara rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Ayé tiwa wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí a bá pa òtútù àti ooru gbogbo ilẹ̀ ayé pọ̀, tí a sì pín in dọ́gba, nǹkan bí dígírì 15 ni. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé, bí kò bá sí àwọn afẹ́fẹ́ tí ń dá ooru dúró, ayé wa ìbá wà ní nǹkan bí dígírì 18 ní ìsàlẹ̀ òdo. Odò ìbá dì, òkun pàápàá ìbá dì, iṣu kan kì bá hù. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé aṣọ ìbora ayé kì í ṣe ohun búburú. Ẹ̀bùn ni. Òun ni ó jẹ́ kí a wà láàyè.

Báwo ni aṣọ ìbora yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Aṣọ tí ẹ fi ń bora lóru kò ní iná nínú. Bí ẹ bá dà á bo òkúta, òkúta náà kò ní móoru. Ara yín ni ó ní ooru. Aṣọ kàn ń dá ooru náà dúró ni, kí ó má tètè sá lọ. Bákan náà ni ti ayé. Láti ọ̀dọ̀ oòrùn ni ooru ti ń wá, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń dá a dúró.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Bí afẹ́fẹ́ bá lè dá ooru dúró, èéṣe tí kò fi dá ti oòrùn dúró nígbà tí ó ń bọ̀?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé, ní ìmọ́lẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ nínú agbára oòrùn fi ń wọlé, ní ìtànṣán ooru ni ó sì fi ń jáde. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láìsí ìdíwọ́ púpọ̀, ó sì ń bọ́ sórí ilẹ̀, odò, àpáta àti òrùlé páànù wa. Àwọn wọ̀nyí ń gbà á sára, wọ́n sì ń gbóná. Ohun tí ó bá sì gbóná kì í dá jẹ ooru rẹ̀. Ó ń tú u jáde ní ìtànṣán tí ojú kò lè rí. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀ tán. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi kàn án. Ẹ ó mọ ooru lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò rí ohun kan tí ń bọ̀. Ìtànṣán ooru nìyẹn. Òun ni àwọn afẹ́fẹ́ kan ń mú bí ó ti ń gòkè lọ. Wọ́n ń tú u jáde padà sí ìhà gbogbo, apá kan a lọ sókè, apá kan a sì tún padà wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a máa pè wọ́n ní afẹ́fẹ́ amóoru.

Kì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ká ní a ka ẹ̀wà 10,000 sínú igbá, kí ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹyọ kan nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí à ń mí. Nǹkan bí 7,800 yóò jẹ́ nitrogen, nǹkan bí 2,100 yóò jẹ́ oxygen. Àwọn méjèèjì yìí kì í mú ìtànṣán ooru; wọ́n kàn ń wò ó níran ni. Carbon dioxide kò ju 4 lọ nínú gbogbo igbá náà. Ní nǹkan bí ọdún 1750, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú ilẹ̀, kò tilẹ̀ tó 3.

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín pé 4 kéré. Ẹ bi àwọn ìyá aláró. Omi inú ìkòkò wọn pọ̀, aró inú rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ṣùgbọ́n aró ni ó ń sọ aṣọ di dúdú, kì í ṣe omi.

Yàtọ̀ sí carbon dioxide, oru omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà ń mú ooru, ẹ̀yin fúnra yín sì ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, oòrùn a mú ganrín lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru a ó máa wá aṣọ bora, òwúrọ̀ a sì tutù nini. Ní àsìkò òjò ńkọ́? Ní òru tí ojú ọ̀run ṣú tí òjò kò sì rọ̀, ooru kì í jẹ́ kí a sùn. Lára ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, kò ní oru omi púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìkùukùu, nítorí náà ooru ilẹ̀ ń rí ọ̀nà sá lọ. Ní àsìkò òjò, oru omi àti ìkùukùu ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ bí aṣọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àná ni a hu ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Eunice Foote kó oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ sínú ìgò, ó fi ohun tí a fi ń wọn ooru sínú wọn, ó sì gbé wọn sínú oòrùn. Èyí tí carbon dioxide wà nínú rẹ̀ ni ó gbóná jù, ó sì pẹ́ kí ó tó tutù. Obìnrin náà rò ó síwájú, ó ní bí irú afẹ́fẹ́ yẹn bá pọ̀ lójú ọ̀run, ayé yóò gbóná. Láti ọdún 1859, John Tyndall, ọmọ ilẹ̀ Ireland, fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù pé oru omi àti carbon dioxide ń mú ìtànṣán ooru, àti pé nitrogen àti oxygen kì í mú un. Ní ọdún 1896, Svante Arrhenius ní ilẹ̀ Sweden jókòó, ó sì ṣírò bí ayé yóò ti gbóná tó bí carbon dioxide bá di ìlọ́po méjì. Ní ọdún 1958, Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nínú ẹyọ afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 315 ni carbon dioxide nígbà náà. Ní ọdún 2024, ó ti lé ní 420. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Níbo ni àfikún yìí ti ń wá? Nígbà tí igi bá ń dàgbà, ó ń fa carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń fi í mọ ara rẹ̀. Ní àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn igi kú sínú àbàtà, ilẹ̀ bò wọ́n, wọ́n di èédú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ẹ̀núgù láyé àtijọ́. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú òkun náà kú, wọ́n di epo rọ̀bì àti gáàsì, irú èyí tí a rí ní Oloibiri ní ọdún 1956. Ilẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ bí ẹni tí ń ju owó sínú kòlòbó. Àwa ti fọ́ kòlòbó náà. Ohun tí ilẹ̀ kó jọ ní àìmọye mílíọ̀nù ọdún, àwọn ènìyàn ń jó o ní igba ọdún péré, nínú ọkọ̀, nínú jẹnẹrétọ̀, nínú ilé-iṣẹ́. Nǹkan bí ìdajì èéfín náà ni igi àti òkun ń bá wa gbé mì. Ìyókù ń dúró lójú ọ̀run, apá kan nínú rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Afẹ́fẹ́ mìíràn tún ń jẹ́ methane. Ó ń jáde láti ẹnu màlúù tí ń jẹ àpọ́jẹ, láti inú oko ìrẹsì tí omi dúró sí, láti orí ààtàn, àti láti ibi tí gáàsì ti ń jò. Ó ń mú ooru ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ púpọ̀ lójú ọ̀run. Láàárín nǹkan bí ọdún méjìlá, púpọ̀ nínú rẹ̀ a ti lọ. Nítorí náà, bí a bá dẹ́kun rẹ̀ lónìí, ẹ̀yin ọmọ yìí ni yóò kọ́kọ́ rí èrè rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn àgbà pàápàá máa ń dàpọ̀. Wọ́n a ní ihò tí ó wà nínú ozone ni ó ń jẹ́ kí ayé gbóná. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ozone dà bí agboòrùn lókè, ó ń dá ìtànṣán oòrùn tí ń pa ara lára dúró. Àwọn kẹ́míkà kan tí a máa ń lò nínú fíríìjì tẹ́lẹ̀ ni ó bà á jẹ́. Ní ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Montreal láti dẹ́kun wọn, wọ́n sì mú àdéhùn náà ṣẹ. Agboòrùn náà ti ń sàn bọ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé bí àwọn ènìyàn bá pinnu, wọ́n lè tún ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe.

Kí ni aṣọ tí ó nípọn sí i yìí ti fà? Ọdún 2024 ni ó gbóná jù lọ láti ìgbà tí a ti ń wọn ooru gbogbo ayé títí di ìgbà náà. Ó fi nǹkan bí dígírì kan ààbọ̀ ju ti ìgbà tí ó wà láàárín ọdún 1850 sí 1900 lọ. Ẹ má ṣe wí pé dígírì kan ààbọ̀ kò tó nǹkan. Bí ara ọmọ bá fi dígírì kan ààbọ̀ gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ìyá rẹ̀ kò ní sùn. Bí dígírì kan bá sì ti lé sí i, afẹ́fẹ́ ń lè gba oru omi ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 sí i. Nígbà tí omi náà bá wá bọ́ sílẹ̀, òjò ńlá ni. Ẹ rántí Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Omi bo ilé àti oko níbẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì tún bò wọ́n ní ọdún 2022, ọdún tí ìkún omi pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ooru nìkan ni ó ń fa ìkún omi. Ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi wà níbẹ̀, omi tí a tú láti inú ìsédò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé tí ó gbóná ń fi kún òjò tí ó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀.

N kò ní tan yín jẹ. Ayé wa kò ní di Àgùàlà lọ́la. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ó bá di Àgùàlà kí ìyà tó jẹ àgbẹ̀ tí ọ̀gbẹlẹ̀ pa àgbàdo rẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ mìíràn. Kì í ṣe ẹ̀yin ọmọ ni ó fọ́ kòlòbó. Nàìjíríà pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ènìyàn inú rẹ̀, kò fi tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sí carbon dioxide tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tú jáde lọ́dọọdún nínú jíjó epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jó o, tí wọ́n sì ti fi í di olówó, ni ẹrù wọn wúwo jù. Póòpù Francis kọ̀wé sí gbogbo ayé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2015, ó pe ayé ní ilé àjọgbé wa, ó sì rán àwọn ọlọ́rọ̀ létí gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn tálákà. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Paris.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹlòmíràn kò ní kí a má ro tiwa. Ní Niger Delta, àwọn ọmọ wà tí òru wọn kì í ṣókùnkùn nítorí iná gáàsì tí ń jó lẹ́bàá ìlú wọn, gáàsì tí ìbá gbé oúnjẹ àwọn ìyá wọn jinná. Ní Kwara, ní Kogi, ní Òkè-Ògùn, ẹ ń rí àpò èédú tí a tò sí etí títì. Igi ẹ̀mí àti igi ayán tí ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tó dàgbà ni ó wà nínú àpò yẹn. N kò bá ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá gé igi, kí ó gbin òmíràn, kí ó sì dúró tì í títí yóò fi gbó. Ní ọdún 2021, orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ìjọba sì ṣe ìlérí pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2060, a kò ní máa tú afẹ́fẹ́ amóoru jáde ju èyí tí a lè fà padà lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ọjọ́ orí àwọn ọmọ yín kún un, kí ẹ wo iye tí wọn yóò jẹ́ ní ọdún yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó jókòó tì yín lónìí kò ní tíì darúgbó. Òun ni yóò mọ̀ bóyá a mú ìlérí náà ṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fún yín. Ẹ gbin igi kan, kí ẹ sì máa bomi rin ín ní ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi òru rẹ̀ wé òru àsìkò òjò, kí ẹ ṣàlàyé fún àbúrò yín ìdí tí méjèèjì fi yàtọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé, bí ẹnìkan bá ń tọrọ ìbò àwọn òbí yín, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí ẹ kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kí ẹ sì bi í pé kí ni yóò ṣe sí iná gáàsì àti sí igbó tí à ń gé. Kì í ṣe àfojúdi láti béèrè bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run tí ó fi aṣọ bo ayé kí a má bàa kú sí òtútù, kí ó fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi tọ́jú rẹ̀.